Yàrá Kẹrin

Akọ̀wé ilé àlejò náà, ọmọkùnrin kan tó ń jẹ gúgúrú,
ṣí ìwé onílà sílẹ̀, ó ní kí n kọ orúkọ wa,
ibi tí a ti ń bọ̀, ibi tí a ń lọ.
Mo kọ Ṣábẹ̀ẹ́. Ó wò ó, ó tún wò mí.
"Ṣé ìlú òyìnbó nìyẹn?"
Mo ní rárá o, ọ̀dọ̀ àwọn tó ń ná sẹ́ẹ̀fà ni.
Ibi tí a ń lọ, mi ò mọ ohun tí mo lè kọ síbẹ̀.
Mo fa ìlà kékeré kan, mo dá bírò padà.

Ẹgbẹ̀rún márùn-ún náírà, kò sí ẹ̀dínwó.
Mo fi ìka ṣírò rẹ̀ padà sí owó ilé,
ìka mi tán, mo yá ti Òkè kún un.
Òkè ti sùn lọ lórí àpò ìrìn-àjò,
ẹnu rẹ̀ yà sílẹ̀, eruku Ìsánlú ṣì wà nípéǹpéjú rẹ̀.

Ilẹ̀kùn yàrá kẹrin kì í gbọ́ ti kọ́kọ́rọ́, ti ẹsẹ̀ ló ń gbọ́.
Ẹ̀rọ omi wúkọ́ lẹ́ẹ̀mẹta, ó tutọ́ ìpẹtà, ó dákẹ́.
Kẹ́ẹ̀gì kan wà ní balùwẹ̀,
wọ́n fi ọ̀dà pupa kọ 4 sí i lára
bí ẹni pé omi náà sanwó yàrá.
Bẹ́ẹ̀dì kan ṣoṣo. Àárín rẹ̀ ti jìn bí odó:
ẹni tó bá sùn sétí, àárín ni yóò jí sí.
Abíọ́nà ka òkú ẹ̀fọn ara ògiri, mẹ́tàdínlógún,
ó nà ọwọ́ sókè, ọwọ́ ò tó wọn.
"Màmá, ẹni tó sùn síbí ṣáájú wa, ó ga o."

Mo tẹ́ ìró mi sórí bẹ́ẹ̀dì.
Mo ta okùn láti fèrèsé dé ẹ̀yìn ilẹ̀kùn, mo sá ṣòkòtò Òkè sí i.
Mo to búrọ́ọ̀ṣì mẹ́ta sínú ife kan.
Ó fẹ́ẹ̀ jọ ilé.

Ìgbà náà ni obìnrin tó ni ilé kanlẹ̀kùn,
Ìyá Arókoyọ̀, àwo iṣu sísun àti epo lọ́wọ́ rẹ̀.
"Okun o," ló wí. "Ẹ̀yin ọmọ, okun o."

Òkè lajú pẹ́ẹ́.
Ó gun àga, ó yọrí lójú fèrèsé:
"Òkun dà?"
Kò rí ju jẹnẹrétọ̀ lọ, àti ewúrẹ́ kan,
àti òkè tó dúdú lọ́ọ̀ọ́kán, bíi ti ìlú wa gẹ́lẹ́.

Bàbá wọn, ní gbogbo òwúrọ̀ tó fi wà lọ́dọ̀ wa,
kó tó gbé àpótí irinṣẹ́ rẹ̀,
a máa gbé wọn sókè níkọ̀ọ̀kan,
a ní "Okun," a sì sọ̀ wọ́n kalẹ̀.
Wọ́n rò pé òkun Kùtọnu ló ń ṣèlérí fún wọn.
Èmi náà rò bẹ́ẹ̀. Ọdún mọ́kànlá, mi ò bi í.

"Kí lọmọ yìí ń wá?"
Mo ní òkun ni. Ó rẹ́rìn-ín títí ìborùn rẹ̀ fi bọ́.
"Agbára ni, ọmọ mi. Kí agbára má tán lára yín.
Bí a ti ń kí ènìyàn níbí nìyẹn."
Ó béèrè ẹni tó kọ́ wọn lọ́rọ̀ náà.
Mo dárúkọ agboolé kan.
Ẹ̀rín rẹ̀ kúrú. Kò sọ nǹkan kan,
ó kàn da epo kún iṣu Abíọ́nà.

Ní aago mẹ́wàá, wọ́n pa jẹnẹrétọ̀.
Òkùnkùn wọlé láìbọ́ bàtà.
Àwọn méjèèjì ti yí sínú odó, mo yí tẹ̀lé wọn,
ẹsẹ̀ Òkè lẹ́nu mi, irun Abíọ́nà lójú mi.
Lọ́la, a ó kanlẹ̀kùn àwọn tí kò mọ̀ pé a wà láyé.
Mo ń wá gbólóhùn tí n ó kọ́kọ́ sọ.
Ṣòkòtò ń mì díẹ̀díẹ̀ lórí okùn.
Ẹnìkan sọ ọ́ jẹ́jẹ́, mi ò mọ èwo nínú wọn:
"Okun o."
Ẹnìkejì ní, "Dákẹ́, mo ń sùn."