Ta Ló Ni Yanrìn?

Kongbo da omi sílẹ̀ nínú ọ́fíìsì wa ní Mọ́kọ́lá.
Kò ṣèèṣì.
Ó fi ìka kan fà á láti ìlà-oòrùn:
Uélé nìyí, Mbòmú nìyí,
wọ́n pàdé ní Yakómà, kálukú sọ orúkọ rẹ̀ nù,
wọ́n di Ùbáńgì.

Ó wọ́ ọ lọ síwọ̀-oòrùn, jẹ́jẹ́,
bí àgbà tó ń sọ̀kalẹ̀ láti Òkè Àrẹ̀, tí orúnkún ń dùn.
Ní Bàǹgí, àpáta dènà dè é:
ó ru, ó hó, ó ṣẹ́rí sí gúúsù,
ó ń wá Kóńgò, odò tí ń gbé odò mì.

"Ọwọ́ ọ̀tún ni Bàǹgí, ibẹ̀ ni wọ́n bí ìyá mi.
Ọwọ́ òsì ni Zóńgò, bàbá mi ń ta iyọ̀ níbẹ̀."
Ọkọ̀ ọpọ́n kan ló so wọ́n pọ̀,
òǹtẹ̀ méjì ló yà wọ́n.

Iṣẹ́ ẹni kì í jẹ́ kéèyàn dákẹ́. Mo ní, "Ààlà dà?"
"Àárín omi."
"Omi wo? Ti òjò, àbí ti ẹ̀ẹ̀rùn?"

Ó nu ìka rẹ̀ mọ́ ṣòkòtò.
Ó ní bí ẹ̀ẹ̀rùn bá mú, yanrìn a yọ ẹ̀yìn síta,
àwọn obìnrin a gbin ẹ̀pà sí i.
Lọ́dún kan, ìyá rẹ̀ àgbà gbin àgbàdo sí yanrìn Zóńgò;
kó tó gbó, omi ti gba ẹ̀yìn rẹ̀ yọ,
yanrìn ti di ti Bàǹgí.
Ìyá ò kúrò lójú kan.
Àgbàdo ló rìnrìn-àjò.

Mo rẹ́rìn-ín, àfi bí mo ṣe rántí Kúdẹtì,
àti ìwé tí èmi Láníhùn fọwọ́ ara mi kọ:
*ilẹ̀ náà dé etí odò.*
Etí odò!
Àgbàrá òjò kan ṣoṣo gbé etí náà lọ
kọjá ilé ìdáná àwọn Ṣàngóníran.
Òpó ṣìmẹ́ńtì tí mo rì, tí mo kọ nọ́ńbà sí lára,
àárín omi ló wà báyìí,
àwọn ọmọdé ń ti orí rẹ̀ bẹ́ sódò.
Ìdílé méjì ò kí ara wọn mọ́,
ìwé mi sì wà ní kóòtù.

Fáànù ń yí lókè.
Uélé ti gbẹ. Mbòmú ti gbẹ.
Ó ku ibi tó ti ṣẹ́rí ní Bàǹgí,
ó tutù díẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ bàtà Kongbo.
Agbálẹ̀ dé, ó ní ká gbé ẹsẹ̀.
Kongbo ò gbé e.