Ohun Tí Ojú Kò Rí

Ọdún kẹtàlélógún rèé tí mo ti ń ka ìròyìn lórí rédíò
ní Ìbàdàn, nínú yàrá tí kò ní fèrèsé.
Wọ́n mọ ohùn mi láti Ọ̀jọ́ọ̀ dé Olójúoro;
eyín mi ni wọn kò mọ̀.
Bẹ́ẹ̀ gan-an ni mo ṣe fẹ́ ẹ.
Méjì iwájú gun ara wọn bí èrò tó ń jìjàdù ẹnu ọ̀nà,
ọ̀kan a ti yọjú síta kí ètè tó jí.
Láti ilé-ìwé ni ọwọ́ òsì mi ti di ìlẹ̀kùn ẹ̀rín.

Mo pé ọmọ ọdún mẹ́rìndínláàádọ́ta
kí n tó gba Orítamẹ́fà lọ.
Dókítà Mojíbádé gbé àwo kékeré méjì síwájú mi.
Irin wà nínú ọ̀kan, ó ń kọ mọ̀nà.
Èkejì ńkọ́? Mo ní, "Dókítà, kò sí nǹkan níbẹ̀."
Ó fi ẹ̀mú tín-ín-rín gbé e sókè:
amọ̀ ni,
amọ̀ tí iná jó títí tó fi mọ́ gaara,
tó ń yá àwọ̀ lọ́wọ́ eyín tí wọ́n bá lẹ̀ ẹ́ mọ́.
Wáyà rẹ̀ pàápàá, wọ́n ti kùn ún lẹ́fun.
Mo rántí ìyá ìyá mi, amọ̀kòkò Àpẹ̀tẹ̀.
Ta ni ì bá wí fún un
pé amọ̀ yóò wọ ẹnu ọmọ òun, tí kì í ṣe ti omi mímu?

Mo san owó gọbọi
kí ẹnikẹ́ni má baà rí ohun tí mo rà.

Ọ̀sẹ̀ kan gbáko, ẹ̀kọ mímu.
Ojú kò rí i lóòótọ́;
ọkọ mi gan-an, ọjọ́ kẹta ló tó fura.
Ṣùgbọ́n ní aago méje alẹ́ mo ní,
"Àwọn àgbẹ̀ Ìsẹ́yìn sọ pé…"
Ìsẹ́yìn súfèé mọ́ mi lẹ́nu.
Bàbá kan pè láti Mọ́níyà:
"Ọmọ mi, kí ni wọ́n há sí ọ lẹ́nu?"

Àsáró elépo ọjọ́ Sátidé ló wá tú gbogbo rẹ̀.
Rọ́bà wẹ́wẹ́ tó so wáyà mọ́ amọ̀
mu epo yó, ó pọ́n rẹ́súrẹ́sú.
Morónfóyè, ọmọ àbúrò mi,
tí tirẹ̀ jẹ́ irin pọ́ńbélé, rọ́bà aláró,
tó ń fi í yangàn káàkiri Òkè-Àdó,
tẹjú mọ́ mi, ó pariwo:
"Hẹ̀ẹ́n! Ẹ̀yin náà!"

Ẹ̀rín bú lẹ́nu mi.
Ọwọ́ òsì mi fẹ́ gbéra.
Àwo àsáró ló wà nínú rẹ̀.