Gègé Pupa

Kẹ́ẹ̀gì méjì ni owó ẹ̀kọ́ tí mo ń gbà lọ́wọ́ rẹ̀,
kẹ́ẹ̀gì méjì lọ́sẹ̀, omi tó mọ́ lóló.
Láwálì, ọmọ Damagáràm, tó ń ti kẹ̀kẹ́ omi
gun òkè Mpápé láàárọ̀ kùtù,
nígbà tí àwọn tó ń fọ́ òkúta kò tíì jí,
tí iná Maitama ń tàn nísàlẹ̀ bí ẹni tí kò jẹ gbèsè.

Èmi nìyí, olùkọ́ Faransé tó ti fẹ̀yìntì,
ará Ìlọfà, tí kò dé Faransé rí,
tó fi ọdún mọ́kànlélọ́gbọ̀n kọ́ ọmọ ọlọ́mọ
bí a ṣe ń béèrè ọ̀nà ibùdó ọkọ̀ ojú irin
ní ìlú tí èmi fúnra mi kò mọ ọ̀nà ibẹ̀.

Ó mú ìwé wá. Omi ti mu etí ìwé náà.
"Màdáámù, ẹ bá mi wò ó. Ráàpù ni."
Mo ní kí ló ń jẹ́ ráàpù. Ó fi ìka lu kẹ́ẹ̀gì òfìfo,
ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í ka iye owó omi
lọ́dọọdún, láti ìgbà tó ti dé Àbújá,
iye owó omi, iye owó omi,
títí ajá àdúgbò fi dákẹ́.

Mo yọ gègé pupa.
"Obìnrin ni omi nínú èdè Faransé, Láwálì.
'Elle' ni kí o pè é. 'Il' lo kọ síbi gbogbo."
Ó rẹ́rìn-ín. "Màdáámù, nínú èdè yín ńkọ́?"
Mo ní, ní tiwa, òun náà ni òun,
a kì í wo abẹ́ aṣọ omi.

Ó kó ìwé rẹ̀. Kò tún un kọ.

Ẹ ti gbọ́ ìyókù lẹ́nu àwọn ọlọ́kadà:
bó ṣe di Jàríkà, bí wọ́n ṣe ń da ohùn rẹ̀ sórí fóònù
ní àádọ́ta náírà lábẹ́ agboòrùn ní Nyanya;
bí katapílà ṣe dé ní Ọjọ́bọ̀ kan,
tó gun orí òkìtì búlọ́ọ̀kù Ìyá Tánímù
tó ń pe orúkọ àwọn onílé níkọ̀ọ̀kan,
kò bú ẹnikẹ́ni, orúkọ nìkan, orúkọ àti iye yàrá,
títí ẹni tó ń wa katapílà fi pa ẹ́ńjìnnì, tó jókòó, tó ń sunkún.
Wọ́n wó o lọ́jọ́ kejì. Ẹlòmíràn ló wà á.

Ọlọ́lá kan fi àpò owó ránṣẹ́ nígbà ìbò:
kó sáà fi orúkọ òun síbi tí orúkọ àwọn onílé wà.
Ó dá àpò náà padà. Ìyàwó rẹ̀ bínú fún oṣù kan,
n kò sì dá a lẹ́bi; ọmọ wọn ń wúkọ́.

Lẹ́yìn náà, Páríìsì. Ó pè mí láti ibẹ̀ lóru:
"Màdáámù, omi ń ṣàn lára ògiri níbí, kò sẹ́ni tó ń wò ó.
Wọ́n ní kí n túbọ̀ ṣe bí ọmọ aṣálẹ̀."
Mo bi í bóyá ó ti ń pe omi ní obìnrin báyìí.
Ó dákẹ́ pẹ́. Mo rò pé owó fóònù ti tán.
"Nígbà tí ọkọ̀ bàjẹ́ mọ́ wa lọ́wọ́ nínú iyanrìn,
ìgò omi kan ló kù lọ́wọ́ ìyá mi.
Ọmọ ọdún mẹ́fà ni mí. Èmi ni mo mu ún.
Kò tà á fún mi, Màdáámù.
Èyí tí mo ń tì gun òkè, owó ló ń gbà.
N kò lè fi orúkọ ìyá mi pè é."

Lánàá, ọmọ kan ń gbọ́ ọ lórí fóònù lẹ́gbẹ̀ẹ́ ògiri mi.
"Il," ohùn náà ní, "il, il," bí ẹni ń kan ìlẹ̀kùn.
Kí n tó mọ̀, ọwọ́ mi ti wọ àpò,
ó ń wá gègé pupa.

Mo ṣílẹ̀kùn. Ọmọ náà ti lọ.
Kẹ́ẹ̀gì méjì wà lẹ́nu ọ̀nà, wọ́n kún dẹ́múdẹ́mú,
n kò gbọ́ ìgbà tó gbé wọn kalẹ̀.