Owó Orí Tòkunbọ̀

Kutonu ni mo ti rí i, lẹ́yìn ìsọ̀ onítáyà kan,
ó fara ti ògiri, aṣọ ìnura bò ó lójú.
Ọ̀kẹ́ mẹ́ta sẹ́fà ni mo kà sílẹ̀,
owó àga méjìlá tí mo kàn fún ṣọ́ọ̀ṣì Àjárá.
Ojú rẹ̀ gbòòrò. Ó dúdú, ó ń dán.
Ẹsẹ̀ rẹ̀ kan yẹ̀ díẹ̀, àmọ́ kápẹ́ńtà ni mí,
ta ni yóò bá mi sọ̀rọ̀ ẹsẹ̀?

Húnpẹ̀, ọmọ ẹ̀gbọ́n bàbá mi, ní ká gba orí omi.
"Ọkọ̀ mi ń bẹ létí ọ̀sà. Bí ilẹ̀ bá ti ṣú,
omi kì í béèrè ìwé lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni."
Mo ní rárá.
Ohun tí mo fẹ́ gbé kalẹ̀ sí pálọ̀ mi,
tí àlejò yóò máa wò kòrókòró,
n kò ní ti ojú fèrèsé fà á wọlé.
Ó rẹ́rìn-ín. "Ó dáa, ọkọ ìyàwó.
Lọ san owó orí."

Ọ̀sán gangan ni mo dé Sẹ̀mẹ̀.
Mo ti fi bùláńkẹ́ẹ̀tì wé e, mo pọ̀n ọ́n bí ọmọ.
Oníbodè wo ẹ̀yìn mi. "Kí lo pọ̀n yẹn?"
Ẹ̀rọ amóhùnmáwòrán ni, sà.
"Tuntun ni?"
Tòkunbọ̀ ni, sà.
"Tòkunbọ̀ ni orúkọ àbúrò mi obìnrin,"
ó wí bẹ́ẹ̀, kò rẹ́rìn-ín.
"Jókòó. Ká ṣírò tìrẹ."

Ó kọ iye tí mo ní mo rà á, ó fagi lé e,
ó kọ iye tí ìwé tiwọn ní ó yẹ kí n rà á.
Ó gbé ti ẹrù lé e lórí.
Ó gbé ti ìjọba lé ti ẹrù lórí.
Ó tún wá ti kékeré kan, bí ẹní ń tọ́ ọbẹ̀ wò,
ó fi wọ́n gbogbo rẹ̀.

Mo ti san owó orí Viyọ́n rí, ó di ọdún mẹ́tàlá.
Àwọn àna mi gba iṣu, wọ́n gba ọtí, wọ́n gba aṣọ,
àmọ́ nígbà tí mo dọ̀bálẹ̀, wọ́n ka díẹ̀ padà fún mi,
wọ́n ní àwọn kò ta ọmọ.
Mo fẹ́rẹ̀ẹ́ dọ̀bálẹ̀ fún oníbodè yìí náà.
Ó ní kí n dìde, kí n má ba ẹ̀wù mi jẹ́.
Kò béèrè rìbá. Ìyẹn gan-an ló dùn mí:
ká ní ó béèrè ni, ǹ bá rí ẹni bú délé.
Ó lu òǹtẹ̀, ó na risíìtì sí mi.
Owó jẹnẹrétọ̀ ti bá inú ìwé náà lọ.

Láti ibẹ̀ dé Gbájì, mo ń yọ ọ́, mo ń dá a padà sápò,
títí ó fi rọ̀ bí aṣọ.
Ọlọ́pàá kan dorí rẹ̀ kodò, ó kà á tán,
ó ní ó pé.

Ilé. Viyọ́n ti nu tábìlì.
Sènámi àti àbúrò rẹ̀ jókòó sílẹ̀, wọ́n káwọ́ gbera.
Mo ki wáyà bọ ara ògiri.
Kò sí iná.
Òní ni ó pé ọjọ́ mẹ́sàn-án tí kò sí iná.

Àwọn ọmọ kò kúrò níwájú rẹ̀.
Wọ́n ń wo ara wọn nínú dúdú rẹ̀,
èyí àbúrò yọ ahọ́n síta,
ó ní eré ti bẹ̀rẹ̀.

Èmi wá igi pélébé mẹ́rin, mo kàn wọ́n pọ̀,
mo fi gíláàsì sí i,
mo gbé risíìtì kọ́ sókè orí ìyàwó.
Lálẹ́, lójú àtùpà, Sènámi na ìka sí ìlà ìsàlẹ̀,
ó ka òdo, ó ka òdo, ó tún ka òdo.
Àbúrò rẹ̀ ní kí ó tún un kà.
Húnpẹ̀ yọjú lẹ́nu ọ̀nà, ẹja tútù lọ́wọ́ rẹ̀,
ó bá gbogbo wa níbi tí a ti gbójú sókè.
Ó ní, "Ètò wo lẹ ń wò?"