Ìwé Àyọ̀ká

Ní Ìdí-Àràbà, tí a bá gba ọ̀nà Ìkòyí jáde l'Ógbòmọ̀ṣọ́,
ẹ̀rọ omi kan wà, wọ́n lẹ mábù mọ́ ọn láyà,
wọ́n kọ orúkọ ìlú tí ẹnikẹ́ni nínú wa kò dé rí sí i.
Omi nìkan ni kò kọ orúkọ tirẹ̀ síbẹ̀.

Àyọ̀ká ló ń gbé ilé tó kọjú sí i.
Ó ra ìwé olójú ewé ọgọ́ta,
ó fa ilà sí i, bó ti ń fà á fún wa ní kíláàsì kẹta:
ọjọ́; omi wá; omi kò wá.
Oṣù kìíní, omi tú yàà.
Oṣù karùn-ún, ẹ̀rọ ń wúkọ́.
Nígbà tí kaṣú pọ́n, tí òórùn rẹ̀ gba gbogbo oko,
ó dákẹ́.
*Kò wá. Kò wá. Kò wá.
Ọjọ́ Àìkú, a gbàdúrà sí i, kò wá.*

Wọ́n ní rọ́bà kan ló já nínú rẹ̀,
kò ju òrùka àtàǹpàkò lọ.
A kọ̀wé sí káńsù. Káńsù ní kì í ṣe ẹrù àwọn.
A kọ̀wé sí Ìbàdàn. Ìbàdàn ní fáìlì wà l'Ábùjá.
Fáìlì yìí mà rìn o, ó rìn ju omi lọ!
Ọdún méjì gbáko la fi padà sódò,
àwa àti màlúù, ojú kan náà la ti ń bu omi.

Ẹ má bi mí pé èló ni wọ́n ná.
Mo gbọ́ pé igbá kún nígbà tó kúrò lókè òkun,
ṣùgbọ́n ẹni tó gbé e bu ẹnu kàn án,
ẹni tó gbà á fi ṣan ọwọ́,
òmíràn fi fọ ọkọ̀.
Ohun tó délé ni ìsàlẹ̀ igbá,
àti mábù.

Ọjọ́ tí ọkọ̀ funfun mẹ́ta dé,
ọ̀dà búlúù ni wọ́n fẹ́ fi kun ẹ̀rọ gbígbẹ náà.
Wọ́n ti to àwọn ọmọ iléèwé, ẹ pàtẹ́wọ́!
Òyìnbó obìnrin kan, oòrùn ti sọ ọ́ di pupa bí kaṣú,
gbé kámẹ́rà sókè.
Àyọ̀ká gbé ìwé rẹ̀ wá.
Ó ní: "Ẹni a ṣe lóore tí kò dúpẹ́,
bí ọlọ́ṣà kóni lẹ́rù lọ ni. Mo ti dúpẹ́.
Ó kù kí ẹ kàwé."

Ògbufọ̀ ń tú u, ohùn rẹ̀ ń lọ sílẹ̀:
ewé kìíní, ewé kejì, ewé kẹtàdínlógún.
Obìnrin náà ní nínú ìwé tàwọn, "iṣẹ́ ti parí" ló wà níbẹ̀.
"Ó parí lóòótọ́," Àyọ̀ká ní,
"bí ọbẹ̀ ti í parí nínú ìkòkò."

N kò ní purọ́ pé ayé yí padà lọ́jọ́ náà.
Wọ́n lọ. Eruku wọn pẹ́ kó tó wálẹ̀.
Rọ́bà, àwa la rà á ní Sábó, owó kaṣú la dá;
Gàníyù fi í sí i, ó fi etí ẹ̀wù nu ọwọ́.
Ṣùgbọ́n lẹ́tà kan dé lẹ́yìn ẹ̀ẹ̀rùn.
Kò sówó nínú rẹ̀. Ìbéèrè kan péré ni,
èyí tí ẹnikẹ́ni kò bi wá rí:
*Ṣé omi wá lánàá?*

Àyọ̀ká wá awò ojú rẹ̀,
ó ṣí ìwé.