Ewé Fadékẹ́

Fadékẹ́, ewé tí o fi sílẹ̀ lórí fèrèsé
kò kú.
Mo fẹ́ kí o kọ́kọ́ gbọ́ ìyẹn
kí n tó sọ ohun tí ojú rẹ̀ rí lọ́wọ́ mi.

O kọ ìlànà sínú ìwé pélébé, o lẹ̀ ẹ́ mọ́ ara ìkòkò:
omi ife kan, lọ́jọ́ Sátidé.
Ṣùgbọ́n bàbá rẹ ni mí, mo mọ ilé tí mo ti wá:
àlejò kì í wọ ilé wa ní Ìjọ̀kùn kí ọ̀fun rẹ̀ ó gbẹ.
Mo bu omi sí i láàárọ̀, mo bu omi sí i lálẹ́,
mo tún bu díẹ̀ kún un nígbàkúùgbà tí mo bá rántí pé o ti lọ.
Ní ọ̀sẹ̀ kẹta, ewé ìsàlẹ̀ pọ́n bí ìbẹ́pẹ,
ìdí rẹ̀ rọ̀, ó ń rùn bí omi fùfú ọjọ́ karùn-ún.

Mo gbé e bọ́ sí ìta. Mo ní kí ara rẹ̀ gbẹ.
Oòrùn Ṣàgámù ò mọ ọmọ ọlọ́mọ:
ó jó etí ewé mẹ́ta bí etí ìwé tó bọ́ sínú iná.

Ìyá Òdùkọ̀yà tó ń ta ewé mọ́ínmọ́ín ló bá mi níbẹ̀.
Ó yí ewé náà padà, ó wo abẹ́ rẹ̀ tó pupa bí àwẹ́ gbànja,
ó rẹ́rìn-ín títí gèlè rẹ̀ fi tú.
"Bàbá Fadékẹ́, ẹ ò mọ ẹbí yín mọ́?
Ọmọ ìyá ewé eéran nìyí, àbúrò gbòdògì.
Abẹ́ igi ńlá ni wọ́n bí wọn sí.
Ta ló ń sá ọmọ igbó sóòrùn bí èlùbọ́?"

Gbòdògì!
Èmi tí mo fi ọdún mọ́kànlélọ́gbọ̀n di obì,
tí mo ń fi gbòdògì tẹ́ agbọ̀n, tí mo ń fi bò ó lórí,
kí gbànja lè dé Kánò láìhunjọ, láìjẹrà.
Wọn kò fi ìwé kọ́ mi nígbà náà.
Ọ̀gá mi Ọ̀nàfowókàn ní kí n ti ọwọ́ bọ àárín agbọ̀n,
kí n dákẹ́, kí n gbọ́:
obì tí òùngbẹ ń gbẹ a máa hunjọ bí ojú arúgbó,
èyí tó mu àmujù a máa yọ̀, kòkòrò á sì gbọ́ ìròyìn rẹ̀.
Láàárín méjèèjì ni ọwọ́ ọlóbì ń gbé.

Nítorí náà mo ya ìwé rẹ. Má bínú.
Mo gé gbòǹgbò tó rà, mo da iyẹ̀pẹ̀ àtijọ́ nù,
mo bu ilẹ̀ dúdú wá láti abẹ́ igi obì.
Ìka ni mo fi ń bi í léèrè báyìí:
bó bá tutù, mo fi í lọ́rùn sílẹ̀;
bó bá gbẹ, a jọ mu tiwa,
òun omi òjò, èmi tíì.
Lọ́jọ́ Ẹtì, mo ń fi búláòsì rẹ àtijọ́ nu ojú rẹ̀,
nítorí eruku funfun tó ń ti ọ̀nà ibi ìfọ́kúta wá
kì í kan ilẹ̀kùn kó tó wọlé.
Mo ń rọra nù ún, bí mo ṣe nu ojú rẹ nígbà tí èyí mú ọ.

Kí ló dé tí o kò sọ fún mi pé ó máa ń sùn?
Alẹ́ tí mo kọ́kọ́ rí i, iná ti lọ,
mo gbé àtùpà wọlé, mo bá a tó na gbogbo ewé sókè,
ó pa wọ́n pọ̀ bí àtẹ́lẹwọ́.
Mo rò pé ó ń kú lọ ni. Mo jókòó tì í.
Ilẹ̀ mọ́, ó tẹ́ ewé rẹ̀ sílẹ̀,
ó ń wò mí bí ẹni pé, kí ló ṣe bàbá yìí?

Lánàá, tuntun kan yọ láàárín,
ó ká ṣóńṣó bí ẹní tí wọn ò tíì tẹ́.
Ọwọ́ ń yún mi kí n bá a tú u. Mo kó ọwọ́ sápò.

Ìlú òtútù tí o wà yẹn, ṣé fèrèsé rẹ ń rí oòrùn?
Ṣé ẹnìkan wà níbẹ̀
tó ń fọwọ́ kan iyẹ̀pẹ̀ ìdí rẹ wò?
Bí o bá fẹ́ pè, tètè pè.
Tí aago méje bá ti lù,
àwa méjèèjì ti ká ewé wa sókè.