Ilẹ̀ Ìdí Àpáta

Ìbíyẹmí ti ilé-ẹ̀kọ́ àgbẹ̀ ní Kàbà dé
pẹ̀lú ìgò kan tó fi aṣọ tútù wé bí ọmọ tuntun.
Mo ní, kí nìyí?
Ó ní, "Bàbá, àwọn òṣìṣẹ́ ni."
Mo wo ìgò náà títí. Omi dúdú ni mo rí,
omi tó ń rùn bí ìdí àmù.

Àṣé lọ́dún tó kọjá, nígbà tí ọ̀dá run oko wa,
tí gbogbo Ìyàmoyè ń ka àwọsánmà bí ẹni ń ka gbèsè,
ọmọ yìí ti gun àpáta lọ.
Ó rí koríko kan láàárín òkúta tó là,
ó tutù yọ̀yọ̀, kò ní baba, kò ní àgbẹ̀.
Àwa ń wo ojú ọ̀run.
Òun ń wo gbòǹgbò.
Ó bu ilẹ̀ ìdí rẹ̀, ẹ̀kúnwọ́ kan péré,
ó dì í sínú ọ̀rá iyọ̀,
ó gbé e lọ sábẹ́ awò tó ń sọ kékeré di ńlá.

Bakitéríà ló pe orúkọ wọn.
Èmi tí mo fi ogún ọdún kọ́ ọmọ ọlọ́mọ níwèé,
ohun tí mo mọ̀ nípa wọn ò ju egbò àti ìgbẹ́ ọ̀rìn lọ.
Àdùnọ́lá ìyàwó mi, àwọn dókítà ní àwọn ló pa á.
Mo ní, "Irú wọn lo fẹ́ kí n fi gbin ẹ̀wà?"
Ó dákẹ́ díẹ̀.
"Bàbá, kì í ṣe gbogbo ẹni tó ń gbé òkùnkùn ni olè."

A po ògì tútù pẹ̀lú ṣúgà ṣíbí mẹ́rin,
a da ìgò sí i, a da irúgbìn sí i,
a fi ọwọ́ rò ó lábẹ́ igi kajú,
torí oòrùn, ó ní, ń pa wọ́n.
Ọlọ́runnípá ń kọjá lórí ọ̀kadà, ó pariwo:
"Olùkọ́! O ti ń fún ẹ̀wà lẹ́kọ mu?"
Ojú tì mí.
Poro mẹ́sàn-án ni mo fi gbìn.
Mẹ́sàn-án yòókù, bí bàbá mi ṣe ń gbìn ni mo ṣe.

Oṣù kẹsàn-án wọlé, òjò kọ̀.
Ọjọ́ méjìdínlógún, kò sí ẹ̀kán kan.
Ewé poro tèmi wọ́ sílẹ̀ bí etí ajá tí a bá wí.
Ewé poro tirẹ̀ náà ń rọ lọ́sàn-án,
mi ò ní purọ́,
ṣùgbọ́n bí ilẹ̀ bá fi máa mọ́, wọ́n á ti dìde,
bí arúgbó tó gbọ́ pé ọmọ òun ti dé.

Mo fa ọ̀kan tu.
Gbòǹgbò rẹ̀ gùn dé ìgúnpá mi, erùpẹ̀ dì mọ́ ọn, kò fẹ́ já.
Kókó wà lára rẹ̀, kéékèèké bí ọkà bàbà.
Mo fi èékánná la ọ̀kan.
Inú rẹ̀ pupa,
pupa bí ètè ọmọ ọwọ́.
Mo jókòó sílẹ̀.

Ilẹ̀ tí mò ń dáná sun lọ́dọọdún,
tí mò ń wọ́n oògùn apakoríko sí bí omi àdúrà,
mélòó nínú yín ni mo ti pa?
Ẹ̀yin tí ẹ gba ṣúgà díẹ̀ lọ́wọ́ gbòǹgbò
tí ẹ ń fi ọ̀rinrin san án,
ẹ ò tilẹ̀ béèrè ẹni tó ni oko.

Kóńgò mẹ́tàdínlógún níbi tirẹ̀.
Mẹ́fà níbi tèmi, tí kò kún.
Ọlọ́runnípá wá lálẹ́, kò gun ọ̀kadà,
ó béèrè ìgò lọ́wọ́ mi bí ẹni ń tọrọ owó.

Àdùnọ́lá, mo ṣì ń bínú sí àwọn kan nínú wọn.
Ṣùgbọ́n láàárọ̀, kí n tó ki ọkọ́ bọlẹ̀,
mo máa ń dúró díẹ̀,
kí n kí wọn bí a ti ń kí ẹni tó wà lẹ́nu iṣẹ́ nílẹ̀ wa:
Ọ̀kun o.